Gààrí Kì Í Ṣe Omi

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Rìsíkátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ọkọ rẹ, àlàáfíà fún ilé tuntun yín n'Íbàdàn, tí mi ò rí ju pálọ̀ rẹ̀ lọ nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì ò jẹ́ kí n dìde lórí àga lọ́jọ́ tí mo wá. Ìwé yìí á gùn. Wá ibi tó tutù jókòó sí. Bí o bá gbé iṣu kaná, kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí mo mọ̀ ọ́, o lè jó o gbẹ.

O ó máa rò ó pé kí ló dé tí Mọ́mì ò fi pè mí lórí fóònù. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà àkọ́kọ́, o ní ọ̀gá yín ń bọ̀. Nígbà kejì, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ọ kedere bí ìgbà tí o wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà kẹta, o bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ẹsẹ̀ mi, kí n lè gbàgbé ohun tí mo torí ẹ̀ pè. Mo sì gbàgbé lóòótọ́. Ìwé ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o ò sì lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ náà rèé, kí o má bàa máa wá a kiri inú lẹ́tà. Fọ́ọ̀mù tí dókítà obìnrin yẹn fún ọ pé kí o lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní omi ṣúgà mu tí yóò sì jókòó dúró fún wákàtí méjì, ó ti wà nínú báàgì rẹ láti oṣù mẹ́rin. Má bi mí pé ta ló sọ fún mi. N ó sọ, ṣùgbọ́n ó di ìsàlẹ̀ ìwé. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí o lọ ṣe é kí oṣù yìí tó parí, kí ìwọ àti Lùkúmọ́nù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ tọkàntọkàn. Gbogbo ohun yòókù tí n ó kọ, àlàyé lásán ni.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú, ìwọ gan-an lo sì gbé mi dìde. Jẹ́ kí n wá wo ẹ̀yìn fún ọ.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ọrùn.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Kì í ṣe dúdú tí oòrùn ń fà. Ó nípọn, bí o bá fọwọ́ kàn án, á dà bí aṣọ àrán. Màmá mi, ìyẹn ìyá àgbà tìrẹ, gbà pé mi ò mọ ara á wẹ̀ ni. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha ọrùn mi títí yóò fi bó. "Ìdọ̀tí yìí lágídí," ni wọ́n máa ń wí. Nígbà tó sú wọn, wọ́n lọ wo ọrùn tiwọn nínú dígí, wọ́n pe àbúrò wọn, wọ́n wo tirẹ̀ náà. Wọ́n wá ní, "Dede wa lọrùn ẹ̀ dúdú, éè ṣe àrùn." Bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: gbogbo wa ni ọrùn wa dúdú, kì í ṣe àrùn. Wọ́n sọ kànìnkànìn nù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́. Gbogbo wa ni. Ohun tó ń ṣe Àbóyádé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ohun tó bá ti kárí ilé, kò lè jẹ́ àìsàn mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni dókítà tó ń tọ́jú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé ọrùn tó dúdú tó sì nípọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé ínsúlínì ti pọ̀ jù lára èèyàn. Gbogbo kànìnkànìn tí wọ́n fi ha mí, inú ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo rí ọrùn tìrẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí wọ́n ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọ. O ti fi pàúdà bò ó. Mi ò sọ nǹkan kan, nítorí ọjọ́ ayọ̀ ni, mi ò sì fẹ́ sunkún ba tìróò mi jẹ́.

Nǹkan oṣù mi náà, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Ó lè lọ fún oṣù mẹ́rin láìdágbére. Irun àgbọ̀n mi ńkọ́? Ìwọ lo máa ń bá mi fà á, o mọ bó ṣe ń le tó. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ní kí n má fà á, wọ́n ní obìnrin tó bá hu irùngbọ̀n yóò lówó lọ́wọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo ń retí owó. Irùngbọ̀n nìkan ló ń pọ̀ sí i.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ọ. Kò sí ìgbà kan nínú ọdún mẹ́fà náà tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọrùn, irun àgbọ̀n àti nǹkan oṣù mi tó ń ṣe ségesège, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lóde òní, wọ́n ti fún un lórúkọ, PCOS, lẹ́tà mẹ́rin tí dókítà kọ sórí ìwé rẹ lọ́dún tí o parí ẹ̀kọ́ rẹ ní yunifásítì Ìjagun, lẹ́yìn tí wọ́n yàwòrán inú rẹ tí wọ́n sì rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ nínú ilé ẹyin. O sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi, inú mi dùn díẹ̀, má bínú sí mi. Mo ní, àṣé ó ní orúkọ látọjọ́ yìí.

Nígbà tí mo sì bí ọ, o tóbi débi pé àwọn obìnrin àdúgbò ń pe ara wọn wá wò ọ́. Wọ́n ní mo bí ọmọ olóṣù mẹ́ta. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń yangàn. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló bọ́ ọmọ sanra tó bẹ́ẹ̀ nínú ikùn. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣúgà mi ti ga nínú oyún yẹn, kò kàn sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ọlọ́run ló kó èmi àti ìwọ yọ. Ìwọ má ṣe dúró de irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ nígbà tí fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ínsúlínì yìí bó ṣe yé mi. Dókítà yà á sórí ìwé, kò yé mi, àfìgbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ mi tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi wò ó. Ínsúlínì ló ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹran ara kó lè di agbára. Nínú ara irú àwa yìí, ínsúlínì ń bẹ, ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa. Ó dà bí sísọ́ọ̀sì tó ti kú. Bí sísọ́ọ̀sì bá kú, aṣọ á ṣì gé, àmọ́ agbára ọwọ́ lo fi ń gé e. Oníbàárà á gbé aṣọ náà yẹ̀ wò, á ní ó gún régé. Kò mọ̀ pé àtàǹpàkò rẹ ti wú. Bí ṣúgà àárọ̀ ṣe lè dára lójú ìwé nìyẹn, nígbà tí ara ń fi tipátipá ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ ọwọ́ ni ṣúgà á fò sókè. Omi ṣúgà tí wọ́n fẹ́ fún ọ mu yẹn, aṣọ tó nípọn ni wọ́n fẹ́ gbé fún ara rẹ gé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá sísọ́ọ̀sì ṣì mú. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò tí o ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n kàn gún ọ níka láàárọ̀ tí wọ́n ní o ò ní nǹkan kan, kò fi tó mi.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ gààrí. O ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi rí, gbogbo ilé ló ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdajì ni mo máa ń sọ. Lónìí n ó sọ ọ́ tán.

O wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Òùngbẹ ń gbẹ mí lódìlódì, mo sì ń dìde nídìí ẹ̀rọ lọ tọ̀ títí àwọn oníbàárà fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì fún àyẹ̀wò ṣúgà. Ó ní, "Ẹ má jẹ nǹkan kan o, Ìyá Rìsí. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ lè mu omi."

Mo pa òfin náà mọ́. Mi ò jẹ nǹkan kan. Nígbà tí mo kírun Àsùbáà tán, inú mi ń hó, mo bu gààrí sínú àwo, mo bu omi tútù sí i, mo da ẹ̀pà lé e, mo mu ún. Mi ò tilẹ̀ fi ṣúgà sí i, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà ni wọ́n fẹ́ ṣe, mi ò fẹ́ da iṣẹ́ wọn rú. Gààrí Ìjẹ̀bú gidi ni, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń yan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó kan débi tó ń ta èèyàn léyín. Ohun tó kan báyẹn, ibo ni ṣúgà ti fẹ́ ráyè nínú ẹ̀? Mo nu ẹnu mi, mo gun ọ̀kadà, mo lọ.

Wọ́n gún mi níka, wọ́n wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ wọn, ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ó lọ pe dókítà. Dókítà ní kí n jókòó, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Mà, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, dókítà."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo jẹ ẹ́. Látìgbà náà, ẹnu mi ò kan oúnjẹ."

Ó mi orí. Mo ti ń sunkún. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ronú kàn án. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ó ní, "Ẹ ò jẹ, mo gbọ́. Ṣé ẹ mu nǹkan?"

"Mo mu gààrí díẹ̀."

"Ẹ mu kí ni?"

"Gààrí. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má jẹ. Ta ló ń jẹ gààrí? Ẹ̀bà là ń jẹ, gààrí là ń mu."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó mọ́lẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń nu omijé. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìjẹ̀bú, ẹ padà wá ní Mọ́ńdè. Omi nìkan. Omi tí èèyàn lè rí ìdí ife nínú ẹ̀."

Ibi tí mo máa ń fi ìtàn náà tì sí nìyẹn. Èyí tí n kì í sọ ni pé mi ò padà lọ ní Mọ́ńdè.

Ojú ń tì mí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, gààrí sì ti fún mi ní ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Nọ́ńbà tó ga yẹn, gààrí ló fà á. Bí òùngbẹ bá gbẹ mí, mo ní gààrí tó kan ni. Bí ojú mi bá ń ṣe bàìbàì tí mi ò rí ihò abẹ́rẹ́, mo ní ọjọ́ orí ni. Bí ẹsẹ̀ mi bá ń kú tipiri, mo ní ẹ̀rọ tí mò ń tẹ̀ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sọ ìtàn yẹn níbi ìkómọ, níbi wòlímọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan tó bi mí pé, nígbà tí o wá padà lọ láìmu gààrí, kí ni wọ́n rí?

Ìmọ̀ràn ibẹ̀ kò gùn. Bí àyẹ̀wò bá bà jẹ́, tún un ṣe. Èmi fi àṣìṣe inú àyẹ̀wò ṣe ẹ̀rí pé ara mi le. Ìwọ náà ń fi àyẹ̀wò ọdún méjì sẹ́yìn ṣe é. Ọ̀kan náà ni wá, àfi pé tèmi pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, ìwọ lo rí i, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ bó ṣe rí nínú mi fún ọ rí.

Ọ̀sán Fúráìdé kan ni, o wá láti Ìjagun kí wa. Mò ń rán aṣọ fún ìyàwó tuntun kan, píìnì kan ti já bọ́ sínú bàtà mi láàárọ̀, ó sì ti gun mí lẹ́sẹ̀ òsì. Mi ò mọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ẹ̀rọ, mo fi rìn lọ ra bọ́tìnnì, mo fi rìn padà. O wọlé, o ní, "Mọ́mì, kí lẹ dà sílẹ̀ yìí?" Ẹ̀jẹ̀ ni, ó kán tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ. O kúnlẹ̀, o bọ́ bàtà mi, o rí orí píìnì náà tó wọlé tán. O gbójú sókè wò mí. Mo ṣì ń bi ọ́ pé kí lò ń wò.

Ojú tí o fi wò mí lọ́jọ́ náà ló ṣe mí léṣe, píìnì ò dùn mí. Mo ti fi ẹ̀rín bo ara mi mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ mi ló wá ń fi èékánná fa irin jáde lẹ́sẹ̀ mi. Ìwọ lo mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. O jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì kí n má bàa dé ibi ike gààrí. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, ó ti wà lára mi tipẹ́tipẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè tẹ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ náà kò sì fẹ́ jinná bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n wo bí mo ṣe wà báyìí, kí o má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni mo jókòó kọ. Mò ń lo oògùn mi. Ṣúgà mi ń gbọ́ràn ju ìwọ lọ. Láràárọ̀, èmi àti bàbá rẹ máa ń rìn gba ọ̀nà Ìjagun, ó ń kùn nípa orúnkún rẹ̀ ní àlọ, ó sì ń ra èkuru jẹ ní àbọ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi pé mẹ́wàá. Mo ń kó òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra mi. Mo tún ń mu gààrí, wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi: ìkúnwọ́ kan, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹja dídín tàbí ẹ̀pà tó pọ̀ ju gààrí lọ. Ayé mi dùn, Àbẹ̀kẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Mi ò fẹ́ kí o jogún rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́.

O sọ fún mi pé o tẹ́ẹ́rẹ́, pé àwọn tó sanra ni irú àyẹ̀wò yìí wà fún. Mo bi dókítà mi léèrè nítorí rẹ. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ní PCOS, ìbáà sanra, ìbáà tẹ́ẹ́rẹ́, ó yẹ kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ní gbàrà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì máa tún un wò láàárín ọdún kan sí mẹ́ta, bí dókítà bá ṣe rí i sí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ sì ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tètè lọ. Ìyá rẹ nìyí. Ó tún ní kí o ṣe é kí o tó lóyún, bí Ọlọ́run bá sì ti ṣe é, wọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò nínú oyún. Bó o bá fẹ́ bá òun jiyàn, ó ní kí o wá.

Ti téèpù náà wà níbẹ̀. Ọdún tí mo ti ń gbé téèpù kọ́rùn kò ṣeé kà. Mo mọ ìbàdí gbogbo obìnrin tó wà ládùúgbò wa. Mi ò wọn tèmi rí, mo kàn ń tú aṣọ mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni lọ́dọọdún, mo ń sọ pé aṣọ ló ń súnkì. Téèpù kan wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Kì í ṣe pé kí o máa fi dá ara rẹ lẹ́bi o. Wọn inú rẹ lóṣooṣù, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o mú un lọ fún dókítà.

Bí wọ́n bá sì rí nǹkan, má bẹ̀rù. Dókítà ní ibì kan wà tí ṣúgà máa ń dé tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, èèyàn sì lè gbà á padà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrìn, pẹ̀lú oúnjẹ tó mọ níwọ̀n, àti oògùn bí wọ́n bá ní kí o lò ó. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ìyá rẹ ò mẹ́kún sun lókèèrè, ìdí nìyẹn tó fi sun ún pẹ́.

Ó wá ku ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an. Mo mọ ìdí tí fọ́ọ̀mù yẹn fi wà nínú báàgì. Kì í ṣe iṣẹ́, kì í sì ṣe pé o ò ráyè. Ìyá ọkọ rẹ ní Ìbẹ̀fún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ nígbà tí wọ́n bá ń kí ọ. O ń rò ó pé wọ́n ti mọ ti kókó inú ilé ẹyin, bí wọ́n bá tún gbọ́ ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n á ní àwọn Ìjẹ̀bú-Òde ta aṣọ tó ti ya fún àwọn. Ìwọ kì í ṣe aṣọ, Rìsíkátù. Èmi tí mo ń rán aṣọ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ, ìwọ lo ni ín kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ́ ṣe aya. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, fi í sílẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí.

Ọmọ tí wọ́n bí náà ló sọ fún mi.

Ọjọ́ tí òjò ká a mọ́lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló wá agbòjò nínú báàgì rẹ, fọ́ọ̀mù sì já bọ́. Ó kà á, ó dá a padà. Ó pè mí ní Wẹ́sìdeè, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Rìsí sọ̀rọ̀. Ó ń fi pamọ́ fún mi, èmi náà ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ pé mo ti rí i. Mi ò sọ fún Ìyá mi, mi ò sì ní sọ. Èmi kàn fẹ́ kí ara rẹ̀ dá ni." Ó tún ní, "Kì í ṣe torí ọmọ nìkan ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Mo jókòó lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì wà nínú yàrá kan, ẹ ń fi bébà kan ṣoṣo pamọ́ fún ara yín. Ìwọ ń fi fọ́ọ̀mù pamọ́, òun ń fi ojú tó rí i pamọ́. Ẹ bọ́ sí gbangba.

Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀. Ó ní òun á mú ọ lọ, òun á jókòó tì ọ́ fún wákàtí méjèèjì náà, kò sì ní jẹ, kò ní mu títí wọn yóò fi ṣe tìrẹ tán. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó sáà rí i pé omi nìkan ni o mu. Ó ní rárá, ohun tí aya òun bá ń ṣe lòun náà á ṣe. Mo ń gbàdúrà fún un lọ́wọ́ nígbà tó dá mi dúró. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ní omi nìkan. Èmi tí kì í ṣe èmi ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ṣé tí mo bá mu gààrí díẹ̀ kò burú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ sáré wọlé, ó rò pé ṣúgà mi ti jábọ́. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ìdajì ìtàn tó kù fún ọ.

Nítorí náà, lọ, ọmọ mi. Bí wọ́n bá rí nǹkan, èmi ni mo kọ́kọ́ ní in, n ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Bí wọn ò bá rí nǹkan, kọ ọjọ́ tí wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò sára kàlẹ́ńdà, kí o lè padà lọ. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà kún ara rẹ. Kí ọmọ tó ń bọ̀ bá ìyá rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó le. Pè mí bí ẹ bá ti jáde níbẹ̀. Mi ò ní kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè nọ́ńbà tí wọ́n rí. N ó kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí lo mu kí o tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo sì fẹ́ gbọ́.

Ìyá rẹ tó ń dúró nídìí fóònù,
Kúdírátù.

Lùkúmọ́nù, mo mọ̀ pé ò ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ ka ìwé yìí. Ìwọ náà: omi.